Ìyìn Ẹnu Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé

Ó ti di àṣà láàárín àwa tí a ń gbé ìlú ńlá pé, nígbàkúùgbà tí a bá ń padà bọ̀ láti ìlú kékeré tí a ti lọ sìnkú tàbí tí a ti lọ ṣe ọdún, a ó máa yin àwọn ará ibẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi tán. A ó ní, “Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ ẹ̀tọ́, wọ́n mọ àlejò í ṣe, ohun díẹ̀ a sì máa tẹ́ wọn lọ́rùn.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, òtítọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti ṣàkíyèsí pé ìyìn yìí kan náà ni a fi ń dá ara wa láre. Nígbà tí a bá ti wí pé ohun díẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, ọkàn wa a balẹ̀ láti fi ohun díẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kì í tilẹ̀ fi nǹkan kan sílẹ̀ rárá.

Èrò tiwa ni pé ìyìn ẹnu kò tó fún ìlú kékeré. Bí a bá gbà nítòótọ́ pé ìwà rere wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè fi bu ọlá fún ìwà náà, èyí ni pé kí a fi iṣẹ́ gidi lé wọn lọ́wọ́, kí a sì gbé irin-iṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àsọlásán. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé yìí, kí ẹ bá wa gbé ìlú kan ṣoṣo yẹ̀ wò. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìlú náà.

Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ibi tí àwọn òkè ti pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ Èkìtì. Ní òdìkejì òkè náà, ní ìhà Èkìtì, ni Òkè-Ìmẹ̀sí wà. Bí orúkọ àwọn ìlú méjèèjì ti jọra, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn orírun wọn so mọ́ ara wọn. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn wá. Kì í ṣe ìlú tí ọkọ̀ ńlá ń gbà kọjá lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe ìlú tí ìwé ìròyìn ń dárúkọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn ilẹ̀ wa kò lè ṣàì ti gbọ́ nípa àwọn òkè wọ̀nyí. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ojú rẹ̀ ti le jù. Ààrẹ Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó ṣíwájú àwọn Èkìtìparapọ̀, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí sì wà nínú àwọn akọni tí ó bá a jà. Ìró ìbọn tí ń dún kọjá láti òkè dé òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Odò tí ń ṣàn ní àfonífojì tí ó wà láàárín wọn ni a sì ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú, orúkọ tí kò tún fẹ́ àlàyé. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní 1886, Samuel Johnson àti Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láàárín ibùdó méjèèjì láti wá àlàáfíà, nígbà tí ó sì di oṣù September ọdún náà, àwọn olórí ogun mulẹ̀, a sì tú ibùdó ká.

A máa ń rántí àwọn jagunjagun, ó sì tọ́ kí a rántí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ń gbé lẹ́bàá ibùdó yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Ọmọ ogun kì í jẹ afẹ́fẹ́. Ibùdó tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ìlú, tí a ń kọ́lé síbẹ̀, tí a ń bímọ síbẹ̀, igi tí a ń dá níbẹ̀, igbó ẹnìkan ni a ti gé e. Omi tí a ń mu níbẹ̀, odò ẹnìkan ni a ti pọn ọ́n. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, oko ẹnìkan ni. Nígbà tí àwọn akọni kó ìbọn wọn, tí olúkúlùkù sì padà sí ìlú rẹ̀, àwọn ará ìlú kékeré ni ó kù sílẹ̀ láti tún ilẹ̀ náà kọ. Ìtàn kò kọ orúkọ wọn. Èyí ni ìwà kìn-ín-ní tí a fẹ́ tọ́ka sí nínú àwọn ará ìlú kékeré: wọn a máa ru ẹrù tí ó tóbi ju orí wọn lọ, ẹlòmíràn ni a sì máa ń kọ ẹrù náà mọ́ lọ́rùn nígbà tí ọjọ́ ìyìn bá dé.

Ìwà kejì ni ìforítì. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí à ń pè ní Òṣómàáló láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà. Oníṣòwò aṣọ ni í ṣe, tí ó gbé ọjà rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò ti ní ará tàbí ojúlùmọ̀, tí ó tà á ní àwìn, tí ó sì padà lọ́jọ́ tí ó dá, tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà títí owó fi jáde. Àwọn aláwàdà a máa fi ìṣe yìí dápàárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò ó jinlẹ̀ yóò rí i pé ohun méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ìgboyà láti fi ọjà ẹni sọ́wọ́ àlejò, àti sùúrù tí kò gbàgbé ọjọ́. A ó tún padà sí orí sùúrù yìí láìpẹ́.

Kí a má baà rò pé a ń sọ̀rọ̀ ìpọ́nni, a gbọ́dọ̀ wí pé ìlú kékeré kì í ṣe ibùgbé àwọn áńgẹ́lì. Ìjà oyè wà níbẹ̀, ìlara wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn a sì máa yára ju ẹṣin lọ. Àṣà tí kò dára wà níbẹ̀ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà pé ọmọdé tí ó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran yóò di olè? Ta ni kò rí ìyá tí ó ń fi ọwọ́ rọ ọmọ ní ògì lásán títí ọmọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti ipa báyìí rù, tí àìsàn kékeré sì gbé wọn lọ. Nítorí náà, ìwà rere nìkan kò tíì gba ọmọ kankan là. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí.

Ní 1956, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Iṣẹ́ àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé, nígbà tí a bá fi máa gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ a ti bọ́ sórí, àti pé àwọn àrùn tí ń pa wọ́n kì í ṣe àrùn àjèjì. Ibà ni, òtútù àyà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, èèyi ni, ikọ́ líle ni, àti àìjẹunrekánú tí ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà, òun yóò máa kí àwọn ọmọ náà káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ikú ni. Nítorí náà, ó tọ̀ wọ́n lọ sí ìlú wọn, ìlú tí ó sì yàn ni Ìmẹ̀sí-Ilé.

Láti 1957, òun àti nọ́ọ̀sì kan, Margaret Woodland, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a ń bí ní ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ọdún 5. Àwọn ọmọ náà tó bí 400. Ìyá a gbé ọmọ wá, a gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, a sì fi àmì sí orí káàdì kan tí a ti fa ìlà méjì sí bí ọ̀nà tí ń gun òkè. Bí ọmọ bá ń dàgbà bí ó ti yẹ, àmì rẹ̀ yóò máa gun ọ̀nà náà lóṣooṣù. Bí àmì bá dúró sójú kan, tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀ nìyẹn, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. A ó bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ, a ó wá ìdí àìsàn, a ó sì wò ó kí ó tó wọlẹ̀ ṣinṣin.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù lọ nínú gbogbo èyí ni ibi tí wọ́n fi káàdì náà pamọ́ sí. Wọn kò tì í mọ́ inú àpótí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni wọ́n gbé e fún pé kí ó mú un lọ sílé. Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú àwa ọ̀mọ̀wé, bí a bá bi í léèrè ní ọjọ́ náà, ìbá ti wí pé, “Wọn yóò sọ ọ́ nù. Wọn yóò fi dáná. Ọmọ yóò ya á.” Ṣùgbọ́n àwọn ìyá náà tọ́jú káàdì wọn sínú ọ̀rá, wọ́n fi pamọ́ pẹ̀lú ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún wọn, wọ́n sì ń mú un padà wá. Dókítà náà rí i pé ìwé kì í sọnù lọ́wọ́ àwọn ìyá bí ó ti ń sọnù ní ilé ìwòsàn ńlá. Sùúrù Òṣómàáló tí kò gbàgbé ọjọ́ ni a tún rí yìí, lọ́wọ́ ìyá tí ó pọn ọmọ.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún jáde láti ìlú náà tí ó yẹ kí ó mú orí àwọn àgbà wa wú. Nígbà tí wọ́n ka iye ọdún tí ó wà láàárín ọmọ kan àti àbúrò rẹ̀, wọ́n rí i pé ó tó bí ọdún 3. Kò sí oògùn òyìnbó kankan tí ó fa èyí. Àṣà àwọn baba wa ni: pé kí ìyá fún ọmọ lọ́mú pẹ́, kí ọkọ má sì ṣe súnmọ́ ọn títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. A tẹ ìwádìí yìí jáde ní 1964. Ohun tí àwọn kan nínú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní àṣà ará oko ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí pé ó ń dá ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ sí. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra nípa ohun tí à ń sọ nù ní orúkọ ọ̀làjú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ wọn wá ní ilẹ̀ Áfíríkà láti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi wò; ní 1964 ni a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé. Káàdì tí ń gun òkè náà kò sì mọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó kọjá lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà, ní Éṣíà àti ní ibòmíràn, oríṣiríṣi rẹ̀ ni a sì ń lò títí di òní. Nígbà tí Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ àwọn dókítà, ohun tí ó rí ní ìlú kékeré Ìjẹ̀ṣà yìí ni ó ń kọ́ wọn, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1973. Ó kú ní 2009. Mélòó nínú àwọn tí ń wọn ọmọ wọn káàkiri ayé ni ó mọ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé? Ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí pàápàá, mélòó nínú yín ni ó mọ̀ ọ́n?

Àwọn kan yóò dáhùn pé, “Òyìnbó ni ó ṣe é, kí ni ti ìwà àwọn ará ìlú nínú rẹ̀?” A kò fẹ́ fi ohun tí ó tọ́ sí ẹni du ẹni. Òyìnbó ni ó mú òṣùwọ̀n àti káàdì wá. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í gbé ọmọ ara rẹ̀ wá. Ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ sí oko, tí ó pọn ọmọ tí kò sàìsàn, tí ó sì mú un lọ sí ibi tí a ó ti wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ní gbogbo oṣù fún ọdún 5, ẹni náà ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí aládùúgbò kò bá sì mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò, kò sí ẹni tí ó lè tẹ̀ lé irínwó ọmọ fún ọdún 5 láìsí pé wọ́n pòórá mọ́ ọn lójú. Ìwà ìlú kékeré ni ilẹ̀ tí a gbin iṣẹ́ náà sí.

Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò gba ìhà kejì, wọn yóò ní, “Ẹ ò rí i? Ènìyàn rere ni wọ́n, wọn yóò ṣe é fúnra wọn.” Ìdáhùn wa sí àwọn wọ̀nyí le ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn olùwádìí padà wá nígbà tí ó yá, wọ́n sì fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìlú tí ó jọ ara wọn ni, èdè kan, oúnjẹ kan, òkè kan náà ni ó wà láàárín wọn, sùúrù tí àwọn ìyá kan ní ni àwọn ìyá kejì ní. Ohun tí ó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ilé àbójútó ọmọdé wà nítòsí ní ìlú kan, irú rẹ̀ kò sì sí ní ìlú kejì. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn ọmọ dàgbà dáradára jù, àwọn tí ó kú nínú wọn sì kéré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Àwọn ìyá Òkè-Ìmẹ̀sí kò ṣẹ̀, wọn kò sì ya ọ̀lẹ. Wọ́n ní gbogbo ìwà tí à ń yìn nígbà tí a bá ń padà sí ìlú ńlá, síbẹ̀ wọ́n sin ọmọ tí àwọn ìyá ẹ̀yìn òkè gbé dàgbà. Ìyìn wa kò gba ọ̀kan là nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Nínú ìṣirò tí ìjọba ṣe ní 2018, nínú 1000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 132 ni kò pé ọdún 5. Nínú ti 2023 sí 2024, iye náà sọ̀ kalẹ̀ sí 110. A dúpẹ́ pé ó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí ó kù: ó ju ọmọ kan lọ nínú 10. Àwọn ọmọ ìgbèríko ni ikú yìí sì ń mú jù. Orílẹ̀-èdè tí ìlú kékeré rẹ̀ kọ́ ayé bí a ti í ṣọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ máa sin ọmọ tó báyìí.

Kí ni a ń fẹ́, nígbà náà? Ohun mẹ́ta ni.

Èkínní, sí ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ń bẹ ní Èkó, ní Ìbàdàn, àti ní òkè òkun. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yín bá pé jọ láti dáwó jọ, kí a tó sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tuntun, kí a tó rán aṣọ ẹgbẹ́, kí alága kọ́kọ́ dìde béèrè pé: ọmọ mélòó ni a bí nílé lọ́dún yìí? Mélòó ni ó kù? Mélòó ni a wọ̀n ní oṣù tí ó kọjá? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn, ibẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ.

Èkejì, sí ẹ̀yin ọba àti ìjòyè. Kò sí ọmọ tí a bí ní ìlú kékeré tí ìròyìn rẹ̀ kì í dé ààfin. Ẹ fi ìwé kan sí ààfin, kí akọ̀wé máa kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí a bí àti gbogbo ọmọ tí ó kú sínú rẹ̀, àti ohun tí ó pa á. Iṣẹ́ yìí kò ná owó púpọ̀, kò sì sí aláṣẹ kan tí yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọba tí yóò tún wí pé òun kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Bákan náà, ẹ wá ilé tí ó dára fún nọ́ọ̀sì tí a bá rán wá, kí ó lè dúró. Ohun tí ó wúlò ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni pé òṣìṣẹ́ wà nítòsí, àti pé a ń rí i lóṣooṣù. Ọkọ̀ oògùn tí ó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí a lùlù pàdé, tí a sì ya àwòrán rẹ̀, kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, sí gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun gbígba káàdì lọ́wọ́ ìyá, tí a bá lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpèjúwe. Ohunkóhun tí a bá ṣe fún ìlú kékeré, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ọ̀nà, ìbáà ṣe ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí a fọkàn tán ní ń fọkàn sí iṣẹ́. Àwọn tí a rò pé wọn yóò sọ ìwé nù ni ó tọ́jú rẹ̀ jù.

A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ má yìn wọ́n mọ́. Ẹ máa yìn wọ́n, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá ń padà bọ̀ láti ìlú kékeré, tí ìyìn sì fẹ́ jáde lẹ́nu yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn láti fi ìwà náà ṣiṣẹ́. Bí ìdáhùn bá nira, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí padà. Ọ̀nà kò tíì jìn.